Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ojú Oórì

Ọmọ kan wá sílé mi ní Bobiel, ní Niamey níbí, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a kírun alẹ́ tán. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, mo sì ní kó jókòó. Ọmọ ẹni tí a jọ dé Niamey ni. Ìṣojú mi ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó mumi tán, ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé e wá láti apá Téra. Wọ́n ní bí a bá rí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, owó ńlá ni. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ èèyàn."

Mo gbé awò mi sójú. Orí èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni. Ojú náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹyinjú rẹ̀ rí tóóró bí ẹnu owó ẹyọ, imú rẹ̀ gùn, wọ́n sì fín ilà sí i lára. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti sán. Ojú ibi tó sán náà ṣì mọ́ rekete, èyí tó fi hàn pé kò tíì pẹ́ tí ṣọ́bìrì bà á. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀, mo bi í pé, "Ta ló kú?"

Ó wò mí títí. "Ta ló kú báwo, Baba?"

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà, òun náà ló sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, nítorí ẹ pọ̀ tí ẹ ń ṣe é, ẹ sì mọ ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn awakọ̀ Téra àti Tillabéri dúnàádúrà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ère ránṣẹ́ sí Kọ̀tọ̀nú àti Lọmé, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kàn ń "bá èèyàn júwe oníbàárà" lásán. Ẹ fetí sílẹ̀, mo fẹ́ sọ ẹni tó kú fún yín.

Ní apá ọ̀tún Odò Ọya, ní agbègbè Tillabéri, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bura-Asinda-Sikka. Ní 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ní 1983, àwọn awalẹ̀pìtàn láti IRSH, ilé ìwádìí yunifásítì Niamey wa yìí, tí Boubé Gado ṣíwájú wọn, lọ wa ilẹ̀ náà pẹ̀lú sùúrù. Itẹ́ òkú ni wọ́n bá. Nínú àyè kan tí kò ju mítà 25 níbùú lóròó lọ, ìkòkò amọ̀ tó lé ní 600 ni wọ́n kà. Wọ́n da ojú ìkòkò kọ̀ọ̀kan dé ilẹ̀, ìdí rẹ̀ wá kọjú sókè. Lórí àwọn kan ni wọ́n mọ ère sí. Òmíràn jẹ́ orí èèyàn, òmíràn jẹ́ odindi èèyàn, òmíràn sì jẹ́ akọni lórí ẹṣin pẹ̀lú ẹ̀gbà lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Nínú àwọn ìkòkò náà ni wọ́n ti rí eyín èèyàn àti irin orí ọfà. Òkú fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ sí i. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta títí di ìkẹtàlá ni àwọn èèyàn yẹn fi ń sin òkú wọn báyìí.

Ẹ tún un kà. Ẹgbẹ̀rún ọdún kan ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ ń ṣe é fún baba, ọmọ ọmọ ń ṣe é fún baba ńlá. Wọn kò fi lẹ́tà kọ orúkọ sílẹ̀ fún wa. Ojú ni wọ́n mọ. Bí Faransé ṣe ń gbẹ́ orúkọ sára òkúta, tí Lárúbáwá ń gbẹ́ àdúrà sára òkúta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi amọ̀ mọ ojú ẹni tó lọ. Ohun tó wà nínú fóònù ọmọ yẹn nìyẹn. Èèyàn kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan sunkún nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀.

Báwo ló ṣe wá di ọjà? Ní 1993 wọ́n gbé díẹ̀ lára àwọn ère náà lọ sí Paris fún àfihàn ńlá kan tí wọ́n pè ní Vallées du Niger. Àfihàn náà níyì, ó sì padà wá yí ká ilẹ̀ wa níbí lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí ojú àwọn olówó ti kan ère Bura báyìí, wọ́n fẹ́ ẹ. Bí wọ́n sì ti fẹ́ ẹ, àwọn òǹtajà rán èèyàn sí oko, àwọn àgbẹ̀ tí òjò kò rọ̀ fún gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Láàárín ọdún mélòó kan péré, wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn itẹ́ òkú Bura. Ìkòkò tí kò sí ère lórí rẹ̀, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ. Eyín èèyàn fọ́n ká sínú iyanrìn. Ohun tí ó bọ́ sọ́wọ́ awalẹ̀pìtàn nínú gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ra irú orí yẹn ní Brussels tàbí New York ti ra ojú kan tí kò lè sọ fún un mọ́ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ọmọdé ni tàbí arúgbó, ta ni wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọfà mélòó ló bá a wọlẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó fà á jáde. Òru ọjọ́ kan ni ṣọ́bìrì fi bà á jẹ́.

Ní ọdún 2000, ICOM, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, gbé Ìwé Pupa kan jáde lórí àwọn ohun Áfíríkà tí olè ń jà jù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà. Ère Bura wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ lára àwọn tó bá a wà níbẹ̀ fún yín: amọ̀ Nok, amọ̀ àfonífojì Odò Ọya ní Mali, amọ̀ àti idẹ Ifẹ̀, òkúta Èsìẹ́.

Ifẹ̀. Èsìẹ́. Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó lé ní 800, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Náíjíríà fi dìde nítorí wọn ní 1945, orúkọ wọn àti orúkọ orí tó wà nínú fóònù yẹn jọ wà lójú ìwé kan náà ni. Bí ọmọ Zarma kan láti Niger níbí bá jókòó sí Ìbàdàn lónìí, tó ń wá oníbàárà fún ère tí wọ́n jí gbé ní Èsìẹ́, ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ gbé igi. Ẹ óò ní àlejò wá jí wa lólè. Kí wá ni ẹ̀yin, tí ẹ jẹ́ àlejò ní Niamey? Orílẹ̀-èdè Niger ti ṣòfin lórí ohun ìní àjogúnbá rẹ̀ láti 1997. Bí wọ́n bá mú yín, òfin kò ní bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ wà á tàbí ẹ kàn júwe oníbàárà. Orúkọ gbogbo Yorùbá tó ń ṣòwò tòótọ́ nínú ìlú yìí ni yóò bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọmọ náà gbìyànjú láti wí àwíjàre. Ó ní, "Baba, kèfèrí ni wọ́n nígbà yẹn. Wọn kì í ṣe èèyàn wa."

Mo bi í pé kí là ń pe ibi tí a ń sin òkú sí. Ó ní sàréè. Mo ní kó lọ bá obìnrin Zarma tó ń ta àlùbọ́sà níwájú ilé wa, kó bi í. Saaray ni yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àlùfáà tí ẹ ń pè lójoojúmọ́, ẹ lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe tiwọn: alfa, alfaga. Ẹ rò pé ṣèèṣì ni? Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lójú odò yìí pẹ̀lú iyọ̀ àti ìwé àti àdúrà, tí a tìtorí wọn ń pe ẹ̀sìn náà ní Ìmàle títí dòní, àwọn ló bá wa kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn dé. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nígbà tí a bá ń gbé baba wa lọ sínú ilẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará odò yìí la ti gbà á. Ẹni tí ó fún ọ ní ọ̀rọ̀ tí o fi ń pe ibojì baba rẹ, ṣé ibojì tirẹ̀ ló yẹ kí o máa tà?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gòkè odò náà díẹ̀ sí i, torí mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí òkúta sàréè lè ṣe fún ọmọ aráyé bí wọ́n bá fi sílẹ̀ sáyè rẹ̀.

Láti Niamey, ẹ óò kọjá Tillabéri àti Ayorou, ẹ óò wọ Mali, ẹ óò dé Bentia tí àwọn onítàn ń pè ní Kukiya, lẹ́yìn náà ni Gao. Òkúta ibojì tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà Lárúbáwá sí wà ní Bentia, ó wà ní Gao, ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù ni ti Saney, lẹ́bàá Gao, tí àwọn Faransé rí ní 1939. Lára wọn ni àwọn òkúta mábù tí wọ́n gbẹ́ ní Almería, ìlú kan ní etíkun Sípéènì nígbà tí Mùsùlùmí ń ṣàkóso ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì gbé e kọ́ ràkúnmí, tí wọ́n gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Gao, ní nǹkan bí ọdún 1100. Mo ti bá ọkọ̀ la aṣálẹ̀ dé Agadez rí, mo mọ ohun tí ẹrù kékeré ń sọ ènìyàn dà lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn wọ̀nyí gbé òkúta. Kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Kí orúkọ òkú má bàa sọnù ni wọ́n ṣe gbé e.

Ọba kan wà níbẹ̀ tó kú ní 1100, Muhammad ni orúkọ rẹ̀ lára mábù. Òmíràn kú ní 1110, wọ́n pè é ní Abu Bakr. Òmíràn tẹ̀ lé e ní 1120, Umar ni tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéwú, ẹ mọ irú ètò tí orúkọ mẹ́ta yẹn tò: Ànábì, arọ́pò rẹ̀ àkọ́kọ́, arọ́pò rẹ̀ kejì. Ìdílé ọba kan ń sọ fún ayé, láti ẹnu sàréè, irú ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́. Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀ tí òkúta pè ní malika, ọbabìnrin.

Ará Brazil kan, Paulo Fernando de Moraes Farias, ẹni tó ti kọ̀wé lórí ìtàn Yorùbá pẹ̀lú, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ka àwọn òkúta Mali wọ̀nyí ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwé ńlá tó kọ lé wọn lórí jáde ní 2003. Àwọn ìwé ìtàn Timbuktu tí àwọn àlùfáà kọ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún níyì gidigidi. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka àwọn ọba ìgbàanì, wọn kò ka àwọn ọba tó wà lára òkúta Saney yìí. Inú ìwé kò ti mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹnu ìtàn kò mọ̀ wọ́n mọ́. Òkúta nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń jẹ́rìí pé wọ́n jọba rí. Bí irú àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ní ṣọ́bìrì bá ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tí wọ́n tà á fún ẹni tí yóò gbé e sínú yàrá àlejò rẹ̀, ọba mẹ́ta ni wọn ì bá pa rẹ́ pátápátá.

Mo fẹ́ kí ẹ máa lọ sí sàréè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbáwí mi ni pé kí ẹ jìnnà sí i. Ẹ lọ, kí ẹ wo òkúta, kí ẹ fọwọ́ nu iyanrìn orí rẹ̀, kí ẹ ka orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu. Ohun tí ẹ ń bá lọ síbẹ̀ báyìí ni mo kórìíra. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, mẹ́ta nínú yín fo ògiri sàréè àwọn Kristẹni kan nínú ìlú yìí pẹ̀lú aṣọ àǹkóò lọ́rùn, ẹ jókòó lé ibojì, ẹ ya fọ́tò, ẹ sì fi ránṣẹ́ káàkiri. Ó dé ọ̀dọ̀ èmi náà. Mo fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi, kì í ṣe nítorí yín, òkúta náà ni mo fẹ́ kà. Orúkọ wà níbẹ̀ lédè Faransé, ọdún ìbí wà, ọdún ikú wà. Mo yọ ọ́ kúrò lára ara wọn: ọdún méjìlélógún. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ nínú yín, ọdún méjìlélógún lòun náà. Ẹ kò kà á. Ẹ jókòó lé ẹgbẹ́ yín lórí, ẹ kò sì mọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Niger yìí kan náà, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ni Gobero wà. Àwọn tó ń wá egungun ẹranko ńlá ayé àtijọ́, tí Paul Sereno ṣáájú wọn, ló ṣèèṣì bá a pàdé ní 2000: ibojì bí 200, lẹ́bàá ibi tí adágún omi wà nígbà tí Sàhárà ṣì tutù. Obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré méjì, tí wọ́n sin ní ìdojúkọra, tí apá wọn nà síra wọn. Ó lé ní 5,000 ọdún tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kò ní òkúta mábù, ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tó bá rí i kò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí àwọn oníbọn fi ọkọ́ àti àáké wó ilé ibojì àwọn ẹni mímọ́ Timbuktu ní 2012, ilé mi ni ẹ jókòó sí tí ẹ ń bú wọn. Ẹ ní ìwà ẹranko ni. Ẹjọ́ náà dé The Hague, wọ́n sì dá Ahmad al-Faqi al-Mahdi lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2016 nítorí rẹ̀. Àwọn mọlémọlé Timbuktu tún àwọn ilé náà kọ́. Al-Mahdi wó ibojì nítorí ìgbàgbọ́ tó ṣì í lọ́nà. Ẹ̀yin ń hú ibojì nítorí owó alùpùpù. Ẹ sọ fún mi èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ó yá, mo yíjú sí ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tó bi mí pé "ta ló kú báwo", àwa la tọ́ ọ.

Ẹ rántí Ajélẹ̀. Erékùṣù Èkó ni itẹ́ òkú yẹn wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó padà wá túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ibẹ̀ ni Thomas Babington Macaulay wà, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ibẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies wà. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, àwọn tó ti rí ìdè ẹrú tí wọ́n sì padà sílé, ọ̀pọ̀ wọn ló wọlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú òkúta gbígbẹ́ lórí wọn. Ní àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba ológun Mobolaji Johnson, wọ́n wó o, wọ́n hú àwọn ibojì, wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Crowther rí ibi gbé e lọ, egungun rẹ̀ wà ní Kàtídírà Marina. Àwọn tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ìyá tó ń ta àkàrà ńkọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ ilé Àgùdà ńkọ́? Kò sí ogun nílùú, kò sí òyìnbó tó fipá mú wa. Àwa tí a ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta gíga tó ga ju èèyàn mẹ́ta lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, tí àwọn baba sọ fún wa pé ojú oórì akọni náà ló wà níbẹ̀, àwa kan náà la fi kátakátà wa òkú ara wa jáde nínú ilẹ̀ Èkó. Lẹ́tà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Crowther wà lára àwọn tó là á sílẹ̀ fún wa. A kò jẹ́ kó sinmi síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Níbí ńkọ́? Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama láàárín ìlú, ẹ óò rí igi kan níbẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n fi pamọ́ bí ọba. Igi Ténéré ni, èyí tó dá dúró lójú aṣálẹ̀ kí awakọ̀ kan tó kọlù ú ní 1973. Igi lásán, wọ́n gbé e wá sí Niamey, wọ́n fi ilé bò ó. Nínú Ténéré yẹn kan náà, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú UTA 772 já lulẹ̀ sí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1989 pẹ̀lú èèyàn 170, àwọn ẹbí òkú padà lọ ní 2007. Wọ́n fi ọkọ̀ kó òkúta dúdú láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n tò ó sórí iyanrìn ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ri dígí 170 tó sán mọ́lẹ̀ yí i ká, ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò sí ilé kankan nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ṣáà ṣe é.

Àwa Yorùbá ti ń kú sí Niamey láti ìgbà tí Faransé ṣì ń jọba. Mélòó nínú wọn ni ẹ lè mú mi lọ bá?

Mo jẹ̀bi níbẹ̀ yẹn. Àbúrò baba mi, ọwọ́ ẹni tí mo ti kọ́ òwò, kú síhìn-ín ní 1984. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi bu iyanrìn sí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Ìgbòho ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tó ní òun fẹ́ ṣàdúrà fún baba òun, mo mú un lọ, mo ń wá igi dóńgóyárò kan tí mo fi ṣe àmì. Wọ́n ti gé e. A rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi mú, a ń wo òkìtì iyanrìn tí kò yàtọ̀ síra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró síbi kan ṣáà." Ibi tí a dúró sí, n kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn kan yóò sọ fún mi pé ẹ̀sìn kò fẹ́ kíkọ nǹkan sórí sàréè. Mùsùlùmí ni mí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àlùfáà tí mo bọ̀wọ̀ fún, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ òkúta, kó má gbé òkúta. Ṣé ẹ̀sìn náà ló ní kí a má kọ orúkọ sínú ìwé? Ṣé òun ló ní kí a má sọ fún ọmọ pé ìlà kẹrin láti ẹnu ọ̀nà ni baba rẹ wà? Ọ̀lẹ ń fi àlùfáà bojú.

Ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òkú tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀. Ní 1899, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Voulet àti Chanoine ṣíwájú wọn gba ilẹ̀ Niger yìí kọjá, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Birni N'Konni. Ibojì Voulet àti Chanoine wà ní Maijirgui, lẹ́bàá Tessaoua, wọ́n ṣì ń fi han àlejò. Àwọn tí wọ́n pa, ta ló lè ka orúkọ ogún nínú wọn lẹ́sẹẹsẹ? Apànìyàn ní ojú oórì, ẹni tí wọ́n pa kò ní.

Ìwọ ọmọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ìwọ yóò ka èyí, tàbí kí wọ́n kà á fún ọ. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó má fọ orí náà mọ́ sí i, kó má fi omi wẹ̀ ẹ́, kó má sì gbé e kúrò ní Niamey. Kó gbé e wá sílé mi. Èmi àti ẹ̀yin méjèèjì ni yóò jọ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èmi ni n óò ṣíwájú, èmi ni n óò sọ̀rọ̀. Kó rántí abúlé tí wọ́n ti hú u, kó sì rántí ohun tí wọ́n bá pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn gan-an ni àwọn awalẹ̀pìtàn yóò bi í. Bí ẹ bá sì tà á kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, má tún fi orúkọ baba rẹ wọ ilé mi mọ́.

Ẹ̀yin yòókù, mo ti ra ìwé kan, ìwé olójú-ewé púpọ̀ tí èèpo rẹ̀ le. Orúkọ mẹ́rìnlá ló ti wọ inú rẹ̀. Àbúrò baba mi ni àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ojú oórì rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, abẹ́ igi iwájú ilé mi ní Bobiel ni mo máa ń jókòó sí. Onígbàgbọ́ kó wá, Mùsùlùmí kó wá. Ẹ mú orúkọ òkú yín wá, ìlú tó ti wá, ọdún tó kú, àti sàréè tí ẹ sin ín sí, kí ẹni tó mọ ibẹ̀ tó kú.